Owó ìfẹ̀yìntì Maryland àti ìparun ẹ̀yà ní Darfur: kí ni ká kọ sí àwọn aṣòfin kí ilé tó wọlé?

Ará_Laurel (17 oṣù Kọkànlá 2025)
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. RSF (Rapid Support Forces), ẹgbẹ́ ológun tó ń bá ìjọba Sudan jà, ti gba ìlú El Fasher ní Darfur, ní ìwọ̀-oòrùn Sudan, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn tí wọ́n sàga tì í fún ohun tó lé ní ọdún kan. Ọjọ́ 7 oṣù Kínní ọdún yìí ni ìjọba Amẹ́ríkà sì ti là á mọ́lẹ̀ pé ìparun ẹ̀yà ni RSF àti àwọn jàǹdùkú tó ń tẹ̀lé wọn ń ṣe ní Sudan. Ilé aṣòfin Maryland máa wọlé ní ọjọ́ 14 oṣù Kínní 2026. Àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ pọ̀ nínú wa ní káńtì Prince George's àti Montgomery, inú àpò kan náà ni owó ìfẹ̀yìntì wọn wà, ìpínlẹ̀ sì ń fi í dókòwò kiri ayé. Báwo la ṣe lè rọ àwọn aṣòfin kí owó yẹn má baà wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ti ìpakúpa náà lẹ́yìn? Lẹ́tà kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp, àmọ́ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró" lọ. Ẹ bá wa tún un ṣe.

Aṣírò_Owó
Ẹ kú àníyàn. Lẹ́tà yẹn ò ní kọjá tábìlì akọ̀wé, torí kò tọ́ka sí owó kankan. Ẹ jẹ́ ká ti orí owó bẹ̀rẹ̀.

Maryland State Retirement and Pension System ni orúkọ àpò náà, ó sì lé ní bílíọ̀nù 60 dọ́là. Olùkọ́ ilé ìwé ìjọba, ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, adájọ́ àti òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ ló wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ọsibítù aládàáni tó ní 401(k), ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì ti ilé iṣẹ́ aládàáni, kò sí níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ náà kò sí níbẹ̀. Kí oníkálùkù mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ kó tó kọ "owó mi" sínú lẹ́tà.

Láti mọ ohun tí àpò náà ní lọ́wọ́, àwọn kan á ní kí ẹ lọ wo ìròyìn ìnáwó ọdọọdún. Ó dára, ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ni ọdún ìṣirò wọn ń parí, àmọ́ àpapọ̀ lẹ máa rí jù níbẹ̀. Àwọn mìíràn á ní Form 13F, ìyẹn ìwé tí alákòóso owó tó bá ní ju mílíọ̀nù 100 dọ́là lọ lórí ọjà ìpín Amẹ́ríkà ń fi ránṣẹ́ sí SEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ ọjà ìpín, láàárín ọjọ́ 45 lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ibí yìí gan-an ni wọ́n ti máa ń ṣìnà. 13F kì í fi ìpín tí wọ́n rà ní Hong Kong tàbí Mumbai hàn, kì í sì í fi bọ́ǹdì (ìwé gbèsè) orílẹ̀-èdè hàn. PetroChina àti Sinopec, ilé iṣẹ́ epo Ṣáínà, ti kúrò lórí ọjà New York láti 2022. Ẹni tó bá wá wọn nínú 13F lónìí tí kò rí wọn, tó wá ní "àpò wa mọ́ tónítóní", ara rẹ̀ ló tàn jẹ.

Ọ̀nà tó dára jù ni ìbéèrè lábẹ́ Maryland Public Information Act, òfin tó jẹ́ kí ará ìlú lè béèrè ìwé ìjọba. Ẹ béèrè fún gbogbo ìpín àti bọ́ǹdì tó wà lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ kan pàtó, ká ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2025: orúkọ ilé iṣẹ́ tàbí orílẹ̀-èdè, nọ́ńbà ISIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìpín tàbí bọ́ǹdì kọ̀ọ̀kan), iye ìpín, iye tó ń lọ lọ́jà, àti bóyá inú separate account (àpò tó jẹ́ ti wọn nìkan) ló wà tàbí inú index fund (àpò àjọní tó kàn ń tẹ̀lé àkójọ ọjà ìpín). Kí wọ́n fi í ránṣẹ́ ní Excel, kì í ṣe PDF. Òfin fún wọn ní ọjọ́ 30, wákàtí méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fi wá a sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá kọ "gbogbo ìwé tó jẹ mọ́ Sudan" máa gba ìwé owó tó wúwo dípò èsì. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, ó yẹ kí èsì ti dé kí ilé tó wọlé.

Kò_Dá_Mi_Lójú
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Bí Maryland bá tà, ẹlòmíì á rà á kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Wọ́n pariwo lé ilé iṣẹ́ epo Talisman ti Kánádà lórí títí ó fi ta ìdá 25 nínú 100 tó ní nínú iṣẹ́ epo Sudan ní 2003. Ta ló rà á? ONGC, tó jẹ́ ti ìjọba Íńdíà. CNPC ti Ṣáínà ní 40, Petronas ti Malaysia ní 30, wọn ò tilẹ̀ mira. Ọdún yẹn gan-an ni Darfur bẹ̀rẹ̀ sí í jóná.

Aṣírò_Owó
Àbúrò, òótọ́ lo sọ nípa Talisman, mi ò ní bá ọ jiyàn. Àmọ́ wo ohun tó tẹ̀lé e. Láàárín 2005 sí 2007, ìpínlẹ̀ kan ń ṣòfin láti kó owó kúrò ní Sudan tẹ̀lé òmíràn. Ní 2007 náà, ilé iṣẹ́ ABB àti Siemens dá iṣẹ́ wọn ní Sudan dúró, Rolls-Royce sì kéde pé òun ń jáde. Àwọn wọ̀nyí ń tajà ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń wá owó ní Amẹ́ríkà, orúkọ wọn sì ṣe pàtàkì sí wọn. CNPC ní ìjọba tirẹ̀ lẹ́yìn, kò bìkítà. Ẹni tó nílò owó rẹ nìkan ni owó rẹ lè bá sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè tí o bi wá yìí ni sẹ́nétọ̀ máa bi yín. Ẹ má sọ fún un pé títa ìpín máa dá ogun dúró, torí irọ́ ni. Ẹ sọ pé ìpínlẹ̀ ò gbọdọ̀ jẹ èrè níbẹ̀, àti pé lẹ́tà ìkìlọ̀ tó máa ń ṣáájú títà ni ibi tí agbára wà. Títà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìgbà tí ìkìlọ̀ ti kùnà.

Kò_Dá_Mi_Lójú
Mo gbà díẹ̀. Díẹ̀ ni mo sọ o.

Agbẹjọ́rò_Òkè
Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Maryland ti ní òfin Sudan láti 2007, wọ́n sì fi ti Iran kún un ní 2008. Ẹ wá §21-123.1 nínú State Personnel and Pensions Article. Bí ẹ bá kọ "ẹ ṣòfin lórí Sudan", aṣòfin á ní "a ti ṣe é", ọ̀rọ̀ parí. Ohun tí ẹ máa sọ ni ibi tí òfin yẹn ti jò.

Ó jò ní ibi méjì. Àkọ́kọ́, owó tí alákòóso ń fọwọ́ ara rẹ̀ yan ìpín fún, tó sì jẹ́ ti àpò yìí nìkan, ni wọ́n kọ ọ́ fún. Index fund àti àpò àjọní kọjá lábẹ́ rẹ̀. Èkejì, ogun ìgbà yẹn ni àwọn òfin sáà náà dojú kọ: ilé iṣẹ́ epo, iná mànàmáná, àlùmọ́ọ́nì àti ohun ìjà tó ń bá ìjọba Khartoum ṣòwò. South Sudan ti gbé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin epo lọ láti 2011. RSF kì í ṣe ìjọba, wúrà ni wọ́n sì fi ń bọ́ ogun. Ìwakùsà wúrà Jebel Amer ní Àríwá Darfur bọ́ sọ́wọ́ Hemedti, olórí RSF, ní 2017. Òfin tó ń ṣọ́ kànga epo ò lè rí ìyẹn.

Ẹjọ́ mẹ́ta ni kí ẹni tó bá fẹ́ bá olùkọ̀wé àbádòfin sọ̀rọ̀ mọ̀.

Baltimore ni ti àkọ́kọ́. Ní 1986 ìlú náà ní kí àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kó owó kúrò nínú ilé iṣẹ́ tó ń bá Gúúsù Áfíríkà ṣòwò nígbà apartheid. Àwọn alágbàtọ́jú àpò náà pẹjọ́. Ní 1989 ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Maryland, èyí tí a ń pè ní Supreme Court of Maryland báyìí, sọ pé òfin náà dúró: ìnáwó rẹ̀ kéré, kò sì sọ alágbàtọ́jú di aláìṣòótọ́ sí àwọn tó ni owó. Ẹ fi ẹjọ́ yìí sínú lẹ́tà. Tiwa ni.

Ti èkejì ni Crosby, ní 2000. Massachusetts ní òun ò ní ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ṣòwò ní Burma. Ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti Amẹ́ríkà wó o lulẹ̀ láìsí adájọ́ kan tó ṣàtakò, torí Kọ́ńgírẹ́sì ti ní ìlànà tirẹ̀ lórí Burma, ìpínlẹ̀ ò sì lè gba ọ̀nà tó yàtọ̀. Rírà ọjà ló kàn níbẹ̀, kì í ṣe ìpín, àmọ́ ewu náà ò jìnnà.

Ẹ̀kẹta ni Illinois, òun ló sì yẹ ká kọ́gbọ́n lára rẹ̀ jù. Òfin Sudan wọn ti 2005 ṣubú nílé ẹjọ́ àpapọ̀ ní oṣù Kejì 2007. Wọ́n ti fi í dí báńkì lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ òfin báńkì jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Wọ́n tún fi í dè àpò ìfẹ̀yìntì àwọn ìlú kéékèèké tí kì í ṣe ti ìpínlẹ̀. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ nájà lè yan ẹni tí òun máa bá ná an. Ẹni tó bá wá ń pàṣẹ fún ọlọ́jà mìíràn ti kúrò ní oníbàárà, ó ti di alákòóso ọjà. Nítorí náà, owó ìpínlẹ̀ nìkan ni kí àbádòfin yín fọwọ́ kàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi báńkì, káńtì tàbí iṣẹ́ kọngílá kún un nítorí pé inú ń bí i.

Lẹ́yìn ẹjọ́ yẹn ni Kọ́ńgírẹ́sì ṣe Sudan Accountability and Divestment Act, tí Ààrẹ Bush fọwọ́ sí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2007. Ó fún ìpínlẹ̀ láṣẹ láti kó owó kúrò, ó sì ní ìlànà: lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ 90 kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, àyè kí ilé iṣẹ́ fi ẹ̀rí gbèjà ara rẹ̀, àti ìwé sí Department of Justice láàárín ọjọ́ 30 tí òfin bá ti jáde. Ìjọba Sudan ni wọ́n kọ ọ́ fún, ó sì ní gbólóhùn tó sọ ìgbà tó máa parí. Ẹ jẹ́ kí olùkọ̀wé àbádòfin ní Annapolis, olú ìlú Maryland, sọ fún yín bóyá ìbòòji rẹ̀ tó RSF kí ẹ tó gbára lé e. Bó ti wù kó rí, ẹ tẹ̀lé ìlànà ọjọ́ 90 náà, kò léwu.

Ìyálájé_Bowie
Ẹ ṣeun, Agbẹjọ́rò. Dubai ńkọ́? Ibẹ̀ ni wọ́n ní wúrà náà ń lọ. Ṣé ká kàn kọ orúkọ wọn sínú àbádòfin ni?

Aṣírò_Owó
Rárá o, Ìyálájé. Ilé iṣẹ́ méje tí Amẹ́ríkà fìyà jẹ ní United Arab Emirates ní ọjọ́ 7 oṣù Kínní nítorí RSF jẹ́ ti aládàáni, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rà lórí ọjà ìpín. Ó ti jẹ́ èèwọ̀ tẹ́lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní Amẹ́ríkà láti bá wọn ṣòwò. Àbádòfin tó bá kàn ní "ẹ kó owó kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n ti fìyà jẹ", àgbá òfìfo ni.

Orílẹ̀-èdè Emirates sì sẹ́ pé òun ò fún RSF ní ohun ìjà. Sudan pè é lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ àgbáyé ní Hague. Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún 2025 ilé ẹjọ́ yọ ẹjọ́ náà kúrò nítorí kò láṣẹ lórí rẹ̀, kò dá ẹnikẹ́ni láre, kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Nítorí náà, ẹ kọ ìwà sínú òfin, ẹ má kọ orúkọ. Kí ìgbìmọ̀ àpò náà fi ẹ̀rí tó wà ní gbangba ṣe àkójọ.

Agbẹjọ́rò_Òkè
Ìtumọ̀ tó lè dúró rèé. Ẹ gbé e lọ fún aṣòfin yín kó tún un ṣe:

"Ilé iṣẹ́ tó wà lábẹ́ àyẹ̀wò" ni ilé iṣẹ́ tàbí olùgbé-bọ́ǹdì-jáde tí ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé ní gbangba fi hàn pé ó mọ̀ọ́mọ̀ (1) ń ta ohun ìjà, ọkọ̀ òfurufú aláìláwakọ̀ tàbí ohun èèlò ogun, tàbí ń gbé wọn lọ, fún ẹgbẹ́ ológun tí Akọ̀wé Ìjọba Amẹ́ríkà fún Ọ̀rọ̀ Òkèèrè ti sọ pé ó ń ṣe ìparun ẹ̀yà; tàbí (2) ń ra wúrà tó ti ọwọ́ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde, ń yọ́ ọ, tàbí ń yá òwò náà lówó.

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Ìpinnu ìjọba àpapọ̀ la gbé òfin lé, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé Maryland ń ṣe ìlànà òkèèrè tirẹ̀. Ohun tí Crosby bá Massachusetts jà lé lórí nìyẹn. Àléébù rẹ̀ ni pé ibi tí Washington bá ti dákẹ́, òfin náà á dákẹ́. Mo fara mọ́ àléébù yẹn ju òfin tó máa ṣubú lọ. Ẹ tún lè tọ́ka sí ìfòfindè ohun ìjà tí Ìgbìmọ̀ Ààbò Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ lórí Darfur ní 2004, tó sì fẹ̀ ẹ́ ní 2005.

Ní ti àkókò, ìlànà tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mú nígbà yẹn ṣì wúlò: ọjọ́ 90 láti ṣe àkójọ, ọjọ́ 90 fún ilé iṣẹ́ láti dáhùn lẹ́tà, ìdajì ìpín láàárín oṣù 9, gbogbo rẹ̀ láàárín oṣù 15. Ẹni tó bá jáwọ́ ń bọ́ kúrò nínú àkójọ, ẹni tó bá padà sídìí rẹ̀, aago tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ààbò owó sí i: bí títà náà bá mú iye àpò wálẹ̀ sí 99.50 nínú 100 iye tó yẹ kó jẹ́, kí ìgbìmọ̀ lè dúró, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé aṣòfin. Gbólóhùn kan yìí ló ń pa ẹnu àwọn tó máa ní ẹ fẹ́ jẹ owó àgbà.

Ní ti index fund, ẹ má fi agbára tà á. Ẹ ní kí ìgbìmọ̀ kọ̀wé sí alákòóso rẹ̀ pé kó yọ ilé iṣẹ́ náà tàbí kó ṣe irú rẹ̀ tí kò ní i nínú.

Olùtọ́pa_Annapolis
Mo fẹ́ fi ti ìlànà ilé kún un, torí ibẹ̀ ni àbádòfin tó dára ti ń kú.

Agbègbè ìdìbò 47 ló wà, sẹ́nétọ̀ 47 àti aṣojú 141, àpapọ̀ 188. Ẹ má kọ̀wé sí gbogbo wọn. Ẹ kọ sí tiyín, lẹ́yìn náà sí ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì: Appropriations ní House, Budget and Taxation ní Senate, àti Joint Committee on Pensions. Ẹ wá onígbọ̀wọ́ kan nílé kọ̀ọ̀kan, kí àbádòfin kan náà wọlé lẹ́ẹ̀méjì. Bí ọ̀kan bá há, èkejì lè yè.

Ọjọ́ 90 péré ni ìjókòó. Ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ni ọjọ́ 69, àbádòfin tí kò bá tíì kọjá sí ilé kejì nígbà yẹn máa bọ́ sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ Rules, ó sì ṣòro kó tún jáde. Ní ọ̀gànjọ́ ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin, gbogbo rẹ̀ parí. Ẹni tó bá dúró di oṣù Kejì kó tó wá onígbọ̀wọ́ ti pẹ́.

Ohun tó ń pani jù ni fiscal note, ìwé tó ń sọ iye tí àbádòfin máa ná ìjọba. Department of Legislative Services ń kọ ọ́ fún àbádòfin kọ̀ọ̀kan, àjọ ìfẹ̀yìntì ni wọ́n sì máa bi léèrè iye tó máa ná. Bí àjọ náà bá dáhùn pé "ìnáwó lè pọ̀, a ò lè sọ iye", ìgbìmọ̀ á kàn ka ìlà yẹn, wọ́n á dìbò lòdì sí i. Ẹ lọ bá àjọ náà ní oṣù Kejìlá pẹ̀lú àkójọ tí Aṣírò sọ. Bó bá jẹ́ ìpín ilé iṣẹ́ mẹ́rin péré ló kàn, kí iye yẹn wà lójú wọn kí wọ́n tó dáhùn. Akápò ìpínlẹ̀ wà nínú ìgbìmọ̀ alágbàtọ́jú náà, ilé aṣòfin ló sì ń yàn án, nítorí náà ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà ránṣẹ́ sí i.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀, MyMGA lórí ojúlé ilé aṣòfin ni kó ti forúkọ sílẹ̀, ilẹ̀kùn yẹn sì ń tì kí ọjọ́ ìgbọ́ràn tó pé. Ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 ni wọ́n ń fúnni. Ẹ má ka PDF yín sí wọn létí, ó ti wà níwájú wọn. Gbogbo ìjókòó 188 ló sì máa lọ fún ìdìbò ní 2026. Ẹ ò nílò láti rán wọn létí.

Ìyálájé_Bowie
Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ńkọ́? Pásítọ̀ kan ní òfin ò gbà wọ́n láyè.

Agbẹjọ́rò_Òkè
Òfin gbà wọ́n láyè níwọ̀nba. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ 501(c)(3) (ẹgbẹ́ aláàánú tí kì í san owó orí) lè rọ aṣòfin bí kò bá ti gba apá tó pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá fọwọ́ sí Form 5768, ìwọ̀n rẹ̀ á hàn kedere: ìdá 20 nínú 100 lórí 500,000 dọ́là àkọ́kọ́ tó ń ná lọ́dún. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí kò lè lo fọ́ọ̀mù yẹn, àmọ́ lẹ́tà kan àti ẹlẹ́rìí kan ò ní dá wọn lẹ́bi. Ẹ má ṣáà ti orí pẹpẹ sọ ẹni tí wọ́n máa dìbò fún. Òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀, ẹ lo ímeèlì tara yín, lásìkò tara yín. Ẹni tó ní green card lè kọ̀wé, àdírẹ́sì tó wà ní agbègbè ìdìbò náà ni wọ́n ń wò. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_MD
Kí ló dé tó jẹ́ Sudan nìkan? Ẹ fi Gásà kún un.

Alábòójútó
Àbádòfin kan, ọ̀rọ̀ kan: ìwé òfin Maryland ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gásà ní ẹ̀rí tirẹ̀, bọ́ǹdì tirẹ̀ àti àríyànjiyàn tirẹ̀. Ẹ ṣí okùn tuntun fún un, a ò ní pa á rẹ́.

Ará_Laurel
Mo ti kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ojú ìwé kan ni lẹ́tà náà, báyìí ló ṣe tò:

Orúkọ, àdírẹ́sì, nọ́ńbà agbègbè ìdìbò, àti bóyá mo wà nínú àpò náà.
Ìpinnu ọjọ́ 7 oṣù Kínní 2025, àti ìṣubú El Fasher.
§21-123.1 jò: wúrà àti ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ìjọba bọ́ lọ.
Ohun tí a béèrè: kí ẹ gbọ̀wọ́ àtúnṣe tó ní ìtumọ̀ tuntun, ọjọ́ 90, oṣù 9, oṣù 15, ààbò 99.50, àti ìròyìn ọdọọdún.
Ẹjọ́ Baltimore 1989.
Ìbéèrè tó gba bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́: ṣé ẹ máa gbọ̀wọ́ rẹ̀?

Ṣé ká fi ìlà kan kún un nípa àwọn sójà Nàìjíríà tó kú ní Haskanita, ní Darfur?

Olùtọ́pa_Annapolis
Ẹ fi í sí ìpínrọ̀ kejì, ìlà kan péré: Abuja ni wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà Darfur ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún 2006, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára àwọn sójà Áfíríkà tí wọ́n pa ní Haskanita ní oṣù Kẹsàn-án 2007. Ó jẹ́ kí aṣòfin mọ ìdí tí ará Bowie fi ń kọ̀wé nípa Darfur. Tó bá ju ìlà kan lọ, ó ti di ìwé ìtàn.

Aṣírò_Owó
Àtúnṣe kan. Ẹ má tíì fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ kí àkójọ tó dé. Ẹ fi àyè sílẹ̀ nínú ìpínrọ̀ kẹta fún orúkọ ilé iṣẹ́ kan, ISIN rẹ̀ àti iye tó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án. Bí àkójọ bá dé tí kò sí ọ̀kankan, ẹ yí gbólóhùn náà padà sí "kí ó má baà wọlé", ẹ má sì sọ pé ó wà.

Kò_Dá_Mi_Lójú
Tí ẹ bá rí àkójọ náà, ẹ gbé Excel rẹ̀ síbí. Màá bá yín fi ISIN wá ẹni tó ni ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.